Àbúrò Mi, Kọ́kọ́ La Kòkó Tìrẹ Wò

Àpò kòkó mẹ́rin ni wọ́n dá padà fún mi lọ́jọ́ náà, níṣojú àwọn èèyàn tí mo mọ̀. Mo ti gbé wọn dé ibi òṣùwọ̀n, mo ti ṣírò owó rẹ̀, mo tilẹ̀ ti ná díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́kàn mi. Bọ̀dá tó ń ra kòkó fi irin gún àpò àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún gún un nísàlẹ̀, ó gba ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì fi ọ̀bẹ la díẹ̀ nínú rẹ̀ sí méjì. Kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́ sí mi pé, "Àǹtí, ẹ wò ó fúnra yín." Inú kòkó ọ̀hún ti funfun. Ó ti bu.

Mo gbé àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sílé ní Aládé, ní Ìdànrè. Mi ò bínú sí bọ̀dá yẹn nígbà náà, mi ò sì bínú sí i títí dòní. Ohun tó dùn mí ni pé mo ní ọ̀bẹ nílé. Odindi ọjọ́ mẹ́jọ ni kòkó yẹn fi wà níwájú mi nígbà tí mò ń sá a, mi ò la ẹyọ kan ṣoṣo wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò. Ó pọ́n, ó ń dán, ó sì ń ró ṣaṣa nígbà tí mo bá fi ọwọ́ yí i. Mo fẹ́ kó dára, mo wá gbà pé ó dára.

Mò ń sọ èyí fún ọ nítorí ìbéèrè tí o bi mí lọ́jọ́ kejì ọjà, nígbà tí a jọ ń bọ̀ nílé. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mò ń tẹ̀síwájú báyìí àbí ojú kan ni mo wà?" Mo mọ̀ pé o ti bi ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, o ti bi pásítọ̀, o sì máa ń wo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ lórí Facebook bóyá wàá rí ìdáhùn níbẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyẹn dà bí ẹni tó ń ra kòkó. Ọjọ́ kan á jọ́kan tí wọ́n máa la tìrẹ, wọ́n á sì sọ iye tí wọ́n máa san. Kó tó dọjọ́ náà, mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ lo ti kọ́kọ́ là á.

Ìyá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n mi ò rántí ọdún kan tó gbé kòkó lọ tà láìlà á wò. Nígbà ọyẹ́, tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, á fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kòkó wà, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín, á bu òmíràn létí, á tún ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ níbi tí oòrùn kì í dé. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí là wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ. Èyí tí inú rẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú, tó sì sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, á rọra gbé e sí ọ̀tọ̀, nítorí ìyẹn ti jíná nínú ewé. Bó bá kan èyí tó ní àwọ̀ eérú, tí inú rẹ̀ le gbagidi, á mi orí: "Ẹ ti tètè tú èyí." Ohun tó ń sọ ni pé a kò jẹ́ kí kòkó náà lo ọjọ́ rẹ̀ pé nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà tó yẹ kó fi gbóná ká sì máa yí i po. Èyí tó bá bu, ibi tí a sá a sí ni ẹjọ́ wà. Èyí tó fẹ́lẹ́ pelebe, èso tí kò tíì gbó la já. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, yàrá tí a kó o pa mọ́ sí ni ká lọ gbá.

Mi ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ pé "kòkó mi kò dáa." Àléébù ló máa ń pè lórúkọ, orúkọ yẹn á sì mú un lọ tààrà síbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun tí ìyá mi ń ṣe lórí àpótí yẹn ni gbogbo ayé fi ń yẹ kòkó wò. 300 hóró ni wọ́n máa ń là. Bí èyí tó bu bá ju 3 nínú 100 lọ, ìyẹn 9 nínú 300, kòkó náà ti kúrò ní gíréèdì kìíní nìyẹn. Bákan náà ni tí èyí tó ní àwọ̀ eérú bá ju 9 lọ, tàbí tí èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tó hù àti èyí tó fẹ́lẹ́, lápapọ̀, bá ju 9 lọ. Jọ̀wọ́, wo ìlànà yẹn dáadáa, àbúrò mi. Kò sí ibi tó ti ní kí kòkó má ní àléébù rárá. Èyí tó dára jù lọ tó ń ti Ìdànrè lọ sílẹ̀ òkèèrè, wọ́n fi àyè àléébù díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ìwọ sì nìyí, hóró kan ṣoṣo tó bu ni o máa ń rí tí o fi ń fẹ́ da odindi àpò nù. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ bá ọ wí nítorí lẹ́tà kan tó pẹ́, o sọ fún mi lórí fóònù pé o kò wúlò. Ìyẹn kọ́ là ń pè ní yíyẹ ara ẹni wò. Ìjìyà ni, kò sì sí oògùn fún un, torí pé "mi ò wúlò" kò ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tí a lè lọ tún ṣe.

Àbúrò wa kan ń ránṣọ nítòsí ibi tí mò ń gbé. Ó ti ṣe fíríìdọ̀mù láti bí ọdún mẹ́rin, àwọn oníbàárà sì ń sá fún un. Ó sunkún fún mi pé orí òun ni, ó sì ti ń kó owó jọ láti lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ní Àkúrẹ́. Mo ní kó gbé ìwé tó ń kọ ìwọ̀n ara àwọn oníbàárà sí wá. A jókòó, a mú ogún aṣọ tó rán kẹ́yìn, a sì ń bi ara wa léèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí èyí. Aṣọ méjì péré ni wọ́n dá padà pé kò bá àwọn mu. Mẹ́tàlá ni kò yá lọ́jọ́ tó dá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí ìránṣọ, ọjọ́ tó ń dá fún èèyàn ni kò mọ̀ ọ́n dá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọjọ́ márùn-ún kún ọjọ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Owó Àkúrẹ́ yẹn ló fi ra máṣìnnì kejì.

Ká ní kò la iṣẹ́ rẹ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, oògùn àìsàn tí kò ṣe é ni ì bá rà.

Ó wá ku ibi tí èmi fúnra mi ti ń tan ara mi jẹ, ìyẹn ibi tí mo ti ń bu kòkó tí mo máa là. O rí i pé bọ̀dá yẹn gún àpò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún gún un nísàlẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń tajà á kó èyí tó dára sókè. Àwa náà ń ṣe é fún ara wa láìmọ̀. Tíṣà ni mí, o mọ̀, oko kòkó ni mo fi ń ti owó oṣù lẹ́yìn. Bí inú mi bá dùn, ọjọ́ tí àwọn òbí pàtẹ́wọ́ fún mi ni mo máa ń rántí, mo wá jẹ́ tíṣà tó dára jù lọ. Bí inú mi bá bàjẹ́, ọjọ́ tí mo na ọmọ tí kò ṣẹ̀ ni mo máa ń rántí, mo wá burú ju gbogbo ayé lọ. Orí àpò ni méjèèjì. Ọwọ́ mi kò tíì dé àárín.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí, o lè gbìyànjú rẹ̀. Mo gé ìwé pélébé-pélébé, mo kọ 1 títí dé 30 sí wọn, mo dà wọ́n sínú abọ́, mo sì di ojú mú mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo bá mú nínú oṣù tó kọjá ni mo máa ń jókòó tì. Mo ń wo fóònù láti mọ ẹni tí mo pè, mo ń wo ìwé ẹ̀kọ́ tí mo kọ fún ọ̀sẹ̀ náà, mo ń wo ìwé tí mo fi ra ọjà. Mo wá ń kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni mo ṣe láti òwúrọ̀ títí mo fi sùn? Kí ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mi ò parí? Ta ni mo bá sọ̀rọ̀ tí mi ò bá fẹ́ kó rántí? Ọjọ́ lásán-làsàn ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, kò sí ìpàtẹ́wọ́, kò sí ẹkún. Àmọ́ ọjọ́ lásán ló pọ̀ jù nínú àpò. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo rí i pé nínú ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ kíláàsì láìmọ ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ kí n tó jáde. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ìyẹn fún mi rí. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Jẹ́ n wá sọ ti owó, torí òun ló ń tàn wá jẹ jù.

Ní 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ní 2024 ó ré kọjá 10,000 dọ́là, nígbà tó fi di December ó ti lé ní 12,000. Àìsàn igi àti ojú ọjọ́ tí kò dára ló dín kòkó kù ní Côte d'Ivoire àti Ghana, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń mú èyí tó ju ìdajì kòkó ayé wá. Lọ́dọ̀ tiwa, náírà ti já wálẹ̀ láti June 2023, èyí tó mú kí dọ́là kọ̀ọ̀kan túbọ̀ di owó ńlá. Ìwọ náà rí bí gbogbo Ìdànrè ṣe rí lásìkò yẹn, òrùlé tuntun lọ́tùn-ún lósì. Owó tèmi náà di ìlọ́po. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí oko, mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo ṣí ìwé kékeré tí mo ń kọ iye àpò sí. Lọ́dún tó ṣáájú, àpò 11. Lọ́dún owó yẹn, àpò 9. Àfòmọ́ ti gba orí àwọn igi tó wà lápá odò, mi ò gé e. Mi ò gbin nǹkan kan rọ́pò àwọn tó ti kú. Owó ń gòkè, oko ń relẹ̀, èmi sì ń fi owó wọn ara mi. Nígbà tí 2025 fi máa parí, owó kòkó ti wálẹ̀ gan-an. Àwọn tí kò ka àpò rí ń bi ara wọn pé ta ló ṣe àwọn báyìí.

Àbúrò mi, fa ìlà sí àárín ìwé rẹ. Ní ọwọ́ ọ̀tún, kọ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe. Ní ọwọ́ òsì, kọ ohun tí àsìkò ṣe fún ọ tàbí sí ọ. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 ní July 2024, ọwọ́ òsì ló wà. A yọ̀, ó sì yẹ ká yọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan tó tìtorí ẹ̀ mọ ìwé kà sí i ní kíláàsì mi. Èyí tí mo lè kọ sí ọ̀tún ni iye ọmọ tí kò lè ka ojú ìwé kan nígbà tí táàmù bẹ̀rẹ̀, tó ti lè kà á báyìí. Bó bá jẹ́ ọjà lò ń tà, má kọ èrè nìkan, kọ iye oníbàárà tó padà wá.

Ìlà yẹn máa ń gbani lọ́wọ́ ẹ̀bi tí kì í ṣe tẹni pẹ̀lú. O rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí náírà sì dàwátì lọ́wọ́ aráàlú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta gàrí kó igbá rẹ̀ nílẹ̀ lásìkò náà, ó ní òwò kò sí nínú àyànmọ́ òun. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe tí kò dáa. Kì í bu òṣùwọ̀n jẹ, gàrí rẹ̀ gbẹ, ó sì tètè ń jí lọ sọ́jà. Kò fa ìlà, ó gbé ẹrù àsìkò lé orí ara rẹ̀. Ọdún méjì ló lò kó tó padà sídìí igbá. Ó ń dùn mí títí di báyìí pé mi ò tètè bá a jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọọdún ni àwa tíṣà máa ń kọ fọ́ọ̀mù APER tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wa wò. Apá kan wà níbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa kọ nípa iṣẹ́ tó ṣe kí ọ̀gá tó kọ tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń da ti ọdún tó kọjá kọ. Ní ọdún kẹfà, bí mo ṣe ń dà á kọ lọ, mo dé ibi tí mo kọ pé mò ń kọ́ bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Mo dúró. Mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti ọdún mẹ́fà! Mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan. Ojú tì mí nínú yàrá tí èmi nìkan wà, mo pa fọ́ọ̀mù yẹn dé. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń lọ sí Àkúrẹ́, oṣù mẹ́ta gbáko, mo ń jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Bí wọ́n bá fún ọ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ, má ṣe dà á kọ. Ó lè jẹ́ òun nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni máa ti bi ọ́ lọ́dún náà pé kí lo ṣe.

Àmọ́ ọ̀bẹ tìrẹ nìkan kò lè tó. Ipàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń rí tẹni. Wá ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo, tí kò ní jèrè bó bá yìn ọ́, tí kò sì ní jèrè bó bá bú ọ. Má bi í pé "Ṣé mo dáa?" torí ó máa ní o dáa. Bi í pé, "Bí ẹ bá fẹ́ rán èèyàn níṣẹ́ tó ṣe pàtàkì, kí ló máa mú yín ṣiyèméjì kí ẹ tó rán mi?" Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má ṣàlàyé. Màmá kan nínú ẹgbẹ́ àjọ wa ni mo bi. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní, "O kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀." Mo ti la ẹnu láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì rántí pé wọn ò tíì parí.

Bí mo bá gbójú sókè láti Aládé, Òkè Ìdànrè ni mò ń rí, mo sì máa ń ronú nípa àwọn tó gbé orí rẹ̀ pẹ́. Àpáta ni odi wọn. Ogun kò lè gòkè lọ bá wọn wẹ́rẹ́. Nígbà tí ogun tán, tí oko àti ọ̀nà ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, àpáta kan náà di ibi tí obìnrin ń fi ẹrù lórí gùn lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 la fi ń gùn ún lọ wò, UNESCO sì ti kọ òkè náà mọ́ àwọn ibi tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò láti 2007. Àwọn baba wa kò sọ pé òkè burú. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ tó ṣe fún wọn ti parí. Nínú ayé tèmi, dídákẹ́ ni àpáta yẹn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, òun ló gbà mí. Níbi ìpàdé iléèwé lónìí, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n pín iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe fún ẹlòmíràn. Bi ara rẹ pé kí ni tìrẹ.

Má ṣe yẹ ara rẹ wò lálẹ́ tí inú rẹ bá bàjẹ́ o. Má sì máa ṣe é lójoojúmọ́, kòkó tí a ń là ní gbogbo ìgbà kì í kù síbẹ̀ fún títà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún tó fún mi: kí kòkó ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní September, nígbà tí a bá tà á tán lẹ́yìn ọdún tuntun, àti nígbà kòkó òjò.

Lọ́dún tí wọ́n dá àpò mi padà yẹn, mo la 300 nílé lẹ́yìn tí mo ti sunkún tán. 41 ló ti bu. Lọ́dún yìí, mo là á kí n tó pe ẹni tó máa gbé e: 7 ló bu, 12 ló ní àwọ̀ eérú. Ó túmọ̀ sí pé mo ti mọ kòkó sá, ṣùgbọ́n mo ṣì ń tètè tú u nínú ewé. Ti ewé ni mo kọ sínú ìwé fún ọdún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, tí o bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mú ìwé tìrẹ wá sọ́dọ̀ mi. Ìwé kékeré lásán ti tó.